Kẹ̀kẹ́ Kìíní Rìn, Ìkejì Kọ̀: Bí A Ṣe Ń Mú Kóòdù àti Irin Rìn Pọ̀ Nínú Ọkọ̀ Oníná

Ẹ ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá oníná kan. Ó rìn láti ọ̀nà Ọ̀dà dé Ọjà Ọba láìkọsẹ̀. Oníbàárà rí i, ó ní kí ẹ ṣe márùn-ún fún òun. Ìkejì parí, kò gbéra. Ìkẹta gbéra, ṣùgbọ́n ó ń kú lórí òkè. Ìkẹrin ń sọ pé eré 60 lòun ń sá, nígbà tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn fẹ́ẹ̀ lè bá a. Wẹ́dà ní kóòdù ni, ìyẹn àṣẹ tí a kọ sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó kọ kóòdù ní wáyà ni. Ẹni tó lọ ra ọjà wá ní Èkó ò sọ nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó bi í.

Mo ti bá ara mi nínú wàhálà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ibi iṣẹ́ kékeré tí a ń lò ní Àkúrẹ́ níbí. Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló ń fà á. Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́ wọn dunjú, àwọn ọmọ tó ń jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, sì mọ kóòdù kọ. Àárín wọn ló ń bàjẹ́. Irin yí padà, kóòdù ò gbọ́. Kóòdù yí padà, irin ò mọ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe ọkọ̀ oníná tó ju ẹyọ kan lọ, tó sì fẹ́ kí gbogbo wọn rí bákan náà.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní nílẹ̀

- Ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé "ẹ yí i" tàbí "ẹ má yí i." Kò dandan kó jẹ́ ẹni tó lówó, ṣùgbọ́n kó má ju ẹnì kan lọ.
- Ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń so wáyà, wẹ́dà, àti ẹni tó ń ra ọjà. Ẹni ìkẹyìn yìí la sábà máa ń gbàgbé láti pè sípàdé, òun gan-an ló sì máa ń yí nǹkan padà jù.
- Odidi ẹ̀yà iná ọkọ̀ kan tí kò ní wọ inú ọkọ̀ kankan: bátìrì, BMS tó ń ṣọ́ bátìrì, kọntirólà tó ń darí iná tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì oníná, ojú mítà tí awakọ̀ ń wò, àti ọwọ́ tí awakọ̀ ń yí kí ọkọ̀ lè sáré.
- Mítà tí àwọn rẹwáyà fi ń wọn iná, ẹ̀rọ kékeré tó ń so wáyà CAN (wáyà tí àwọn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀) mọ́ láptọ́ọ̀pù, tẹmómítà, àti láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́.
- Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle kan, àti Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú kóòdù.

Ẹ̀yà iná tí kò ní wọ ọkọ̀ yẹn máa dùn yín lówó. Ẹ rà á bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí a gbìyànjú láti ṣe é láìní i, inú ọkọ̀ oníbàárà la ti wá ń wá àṣìṣe.

Ìpele 1: Ẹ kọ àdéhùn àárín irin àti kóòdù sílẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó gé irin, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìlà kóòdù kan, ẹ jọ jókòó. Ẹ kọ gbogbo wáyà tó ti ara ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn: àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ihò tó wọ̀ lára kọnẹ́kítọ̀, iye fóltì tó ń gbé, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ àti èyí tó ń gbà á. Fún wáyà CAN, ìyẹn wáyà méjì tí a lọ́ mọ́ra, ẹ kọ eré tó ń sá: 250 kbit/s ni tàbí 500. Kó dọ́gba fún gbogbo ẹ̀rọ. Ẹyọ kan tó bá wà lórí eré mìíràn lè da ọ̀rọ̀ gbogbo ilé rú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìtumọ̀ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. BMS kan lè fi 512 ránṣẹ́, kó jẹ́ pé fóltì 51.2 ló ní lọ́kàn. Bí kọntirólà bá kà á sí 512 lóòótọ́, á gbà pé iná ti pọ̀ jù, kò sì ní gbéra. Irú èyí ló ṣe ọkọ̀ kejì wa. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń tú wáyà tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan.

Ìlà kan wà tí ọ̀pọ̀ ń fò: kí ni kí ẹ̀rọ ṣe bí ọ̀rọ̀ tó ń retí ò bá dé? Ẹ kọ ọ́. Tiwa ni pé bí BMS bá dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kí kọntirólà máa dín agbára kù díẹ̀díẹ̀, kó má gé e lójijì. Kẹ̀kẹ́ tó kú lójijì láàárín ọ̀nà Ọba Adésídà nígbà tí bọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀mí èèyàn ló wà nínú ẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra:* "A ti jọ sọ ọ́" kì í ṣe àdéhùn. Ohun tí kò sí nínú ìwé, ẹ gbà pé a ò sọ ọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti dáa:* Ẹ fún ẹnì kan tí kò sí nípàdé ní ìwé náà, kó fi so ẹ̀rọ méjì pọ̀ láìbéèrè nǹkan kan. Ibi tó bá ti béèrè, ìwé yín ò tíì pé níbẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ to gbogbo ẹ̀yà iná sórí tábìlì

Ẹ má dúró de irin. Ẹ to gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, pẹ̀lú wáyà tó gùn bí èyí tó máa wà nínú ọkọ̀ gan-an. Wáyà kúkúrú lórí tábìlì máa ń fi àìsàn pamọ́.

Kí ẹ tó tan iná, ẹ fi mítà wọn àárín wáyà CAN méjèèjì. Ó gbọ́dọ̀ ka nǹkan bíi 60 ohm, torí pé ẹ̀yà ìdènà iná tó jẹ́ ohm 120 ló yẹ kó wà ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, méjèèjì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá ka 120, ọ̀kan ò sí níbẹ̀. Bó bá ka 40, ẹ̀rọ kan ti gbé tirẹ̀ wá láìsọ fún yín, ẹ̀yin sì ní mẹ́ta. Ọkọ̀ lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú 120 lórí tábìlì, kó wá máa ṣe ségesège lójú títì. Nítorí náà, bó ti ń ṣiṣẹ́ ò ní kí ẹ má wọ̀n ọ́n.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ lórí tábìlì. Ẹ máa fa wáyà kọ̀ọ̀kan yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò bóyá ohun tí ẹ kọ ní Ìpele 1 ló ṣẹlẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ jẹ́ kí irin kọ́kọ́ dúró, kí kóòdù tẹ̀lé e

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fún irin àti kóòdù ní ọjọ́ ìparí kan náà. Irin kì í ṣe ẹgbẹ́ kóòdù. Bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó kékeré tí kóòdù ń gbé inú rẹ̀, tí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ wá láti Ṣáínà, ó dìgbà tí ọkọ̀ òkun bá dé. Kóòdù lè yí padà lọ́sàn-án òní.

Nítorí náà, ohun tí kóòdù máa nílò lọ́wọ́ irin ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu: mélòó ni sẹ́ńsọ̀, ihò mélòó ló máa ṣófo lára kọnẹ́kítọ̀, báwo ni ààyè kóòdù inú bọ́ọ̀dù ṣe tóbi tó. Ẹ fi ààyè sílẹ̀. Tí kóòdù yín bá ti gba ìdajì ààyè bọ́ọ̀dù lónìí, bọ́ọ̀dù yẹn ti kéré, nítorí ẹ máa nílò ààyè méjì tó dọ́gba lẹ́yìn ọ̀la (ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní Ìpele 7). Ẹ fi ihò méjì ó kéré tán sílẹ̀ lófo nínú kọnẹ́kítọ̀ ńlá. Ihò tó ṣófo ò wọ́n. Tító wáyà lọ́tun nínú ọkọ̀ tí a ti kùn ló wọ́n.

Ìpele 4: Nọ́ńbà kan fún gbogbo rẹ̀

Ẹ fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà àtẹ̀jáde kan: A1. Nínú A1, ẹ kọ gbogbo ẹ̀yà pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára wọn, taya, bátìrì, kọntirólà, àti kóòdù tó wà nínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Kóòdù náà gbọ́dọ̀ jẹ́ A1 nínú Git. Bí ẹyọ kan bá yí, ó di A2, ìbáà jẹ́ taya. Mo mọ̀ pé taya dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ taya 4.00-8 tí kẹ̀kẹ́ ń lò, tí ẹ fi èyí tó ga jù ú sí i, ojú mítà á máa pa irọ́ nípa eré, torí kóòdù ló ń fi ìwọ̀n taya ṣírò rẹ̀.

*Ẹ ṣọ́ra:* Kóòdù tí wọ́n fi WhatsApp ránṣẹ́, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ "ìkẹyìn gangan 2." Ẹ má gbé irú ẹ̀ wọ ọkọ̀ kankan, kódà bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀gá yín.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* Ẹ na ọwọ́ sí ọkọ̀ èyíkéyìí nínú ọgbà. Kí ẹnì kan sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5, láìtú u.

Ìpele 5: Ọjà, níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Ẹni tó ń ra ọjà yín á dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò, wọ́n á ní, "Irú ti tẹ́lẹ̀ ti tán, ṣùgbọ́n bákan náà lèyí." Lójú, bákan náà ni lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi sẹ́ńsọ̀ ooru bátìrì ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ohun dúdú bíńtín kan tó dà bí ẹ̀wà ni, wáyà méjì wà nídìí rẹ̀. Èyí tí kóòdù wa mọ̀, 10 kilo-ohm ni, B rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdènà iná rẹ̀ ṣe ń yí bí ooru ṣe ń yí, jẹ́ 3950. Wọ́n ra òmíràn wá, 10 kilo-ohm lòun náà, ṣùgbọ́n B tirẹ̀ jẹ́ 3435. Ní ìwọ̀n ooru 25 ti Celsius, nǹkan kan náà ni méjèèjì ń kà. A dán an wò nínú yàrá ní àárọ̀, ó ka ooru yàrá láìṣìnà. Gbogbo wa gbà pé ó dáa.

Ọ̀sán ló tú àṣírí. Bí ooru ṣe ń lọ sókè ni àwọn méjèèjì ń pínyà. Nígbà tí bátìrì bá gbóná dé 60 lóòótọ́, sẹ́ńsọ̀ tuntun yìí á mú kí kóòdù rò pé 55 ni. Kóòdù tó yẹ kó gé iná ní 60 ò ní gé e títí bátìrì yóò fi tó nǹkan bíi 66. Wẹ́dà wa ló fura. Ó gbé ọwọ́ lé àpótí bátìrì kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀bà-Ilé, ó sì sáré ká ọwọ́ kò. Ojú mítà ò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bátìrì gan-an tún wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "fóltì 48" lọ́jà lè jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 15, ó lè jẹ́ 16. Fún irú bátìrì LiFePO4, sẹ́ẹ̀lì 16 jẹ́ fóltì 51.2, ó sì ń kún ní 58.4. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń gbaná sí bátìrì dé 58.4 gba iná sí onísẹ́ẹ̀lì 15, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á gbà tó fóltì 3.89, bẹ́ẹ̀ 3.65 ló yẹ kó dúró. Ẹ má béèrè pé "ṣé 48 ni?" Ẹ ní kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì.

Ohun tí ẹ máa ṣe: ẹ fún ẹni tó ń ra ọjà ní páálí kékeré fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà tí kò gbọ́dọ̀ yí wà lára rẹ̀. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, kó pe ẹni tó ń kọ kóòdù kó tó sanwó. Owó káàdì ìpè yẹn, ibi iṣẹ́ ni kó san án.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* Ẹ mú sẹ́ńsọ̀ méjì nínú ẹrù tuntun kọ̀ọ̀kan, ẹ wé e sínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án, ẹ rì í sínú omi tó gbóná dé 60, kí tẹmómítà wà nínú omi náà. Kí ojú mítà àti tẹmómítà má fi ju 2 lọ yàtọ̀ síra. Dídán an wò nínú yàrá nìkan ò ka nǹkan kan.

Ìpele 6: Ìwé àyípadà

Wẹ́dà wa, bàbá tó ti ń jó irin kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dé ayé, sún ibi tí kọntirólà ń jókòó ní ìka mẹ́rin. Wáyà CAN wá ń bá wáyà ńlá tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ariwo iná wọ ọ̀rọ̀ inú CAN, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jágbà bí wọ́n bá ti fún un níná dáadáa. Ọmọbìnrin tó ń kọ kóòdù wá a fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó tẹríba wo abẹ́ ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbé kọntirólà kúrò níbi tó wà ni?"

"Mo sún un díẹ̀, ọmọ mi. Ẹsẹ̀ èrò ń há níbẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi, sà?"

"Ta ló bi mí?"

Bàbá ò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ èrò ń há lóòótọ́, a ò sì fún wọn ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn la ti so ìwé kan mọ́ ìṣó lára ògiri, ìlà mẹ́rin péré: kí ni mo fẹ́ yí, nítorí kí ni, nọ́ńbà wo ló kàn, ta ló yẹ kó mọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ lè fi ohùn ránṣẹ́ lórí fóònù, kí ẹlòmíràn bá a kọ ọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, gbogbo wa á dúró ti ògiri náà fún ìdajì wákàtí. Ẹni tó láṣẹ á sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ń kọ kóòdù àti wẹ́dà á fọwọ́ sí i.

*Ẹ ṣọ́ra:* Ẹ má fi ìwé náà dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ọjọ́ tí ẹ bá bú ẹni tó kọ òótọ́ sí i ni wọ́n máa ṣíwọ́ kíkọ.

Ìpele 7: Títo ọkọ̀ àti gbígbé kóòdù wọ̀ ọ́

Ètò ló ṣe pàtàkì níbí. Ẹ parí gbogbo iṣẹ́ wẹ́dìnì kí bọ́ọ̀dù kankan tó wọlé. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ jó nǹkan lẹ́yìn náà, ẹ yọ bátìrì, ẹ sì yọ gbogbo kọnẹ́kítọ̀ bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n tó kun ọkọ̀, ẹ fi téèpù bo ojú irin tí wáyà ilẹ̀ máa jókòó sí. Ọ̀dà kì í jẹ́ kí iná kọjá.

Kóòdù ló kàn. Ẹ má fi iná NEPA gbé kóòdù wọ ọkọ̀ láìsí bátìrì tó dúró tì í. Bí iná bá lọ láàárín, bọ́ọ̀dù lè di òkúta. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún, àti bátìrì 12 fóltì fún bọ́ọ̀dù, ó tó. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ fi ààyè méjì sílẹ̀ nìyí: kóòdù tuntun á wọ ààyè kejì, ti tẹ́lẹ̀ á wà níbẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní bọ́ sórí tuntun àfi tó bá pé. Ẹ fi àmì SHA-256, tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, wo fáìlì náà kí ẹ tó gbé e wọlé. Àmì yẹn jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 64. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, ẹ jù ú nù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìwé tuntun nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle fún ọkọ̀ náà. Ìwé ìbí là ń pè é ní tiwa. Nọ́ńbà férémù, nọ́ńbà bátìrì, nọ́ńbà àtẹ̀jáde, ọjọ́, àti orúkọ ẹni tó gbé kóòdù wọ̀ ọ́.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* Ẹ wọn àárín férémù àti òdì iná 12 fóltì, kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ ka òdo. Ẹ tún wọn CAN: 60. Ẹ pa ọkọ̀, ẹ tan án lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ojú mítà gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà inú ìwé ìbí hàn nígbà gbogbo.

Ìpele 8: Ojú títì

Gbogbo ọkọ̀ ló máa jáde, kì í ṣe ẹyọ kan tí ẹ yàn. Ẹ kọ́kọ́ gbé taya ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, ẹ tẹná díẹ̀, ẹ fa wáyà ọwọ́ ìsáré yọ. Taya gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá ń sáré sí i, ọkọ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọgbà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kó àpò iyanrìn tó wúwo tó èrò mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ dorí kọ òkè tó wà lọ́nà Ìdànrè. Ẹ dúró láàárín òkè, kí ẹ tún gbéra. Ibẹ̀ ni bátìrì tó rẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣètò rẹ̀ fún ọkọ̀ mìíràn àti kóòdù tó ń gé agbára jù ti máa ń fara hàn. Ẹ fi GPS fóònù wé eré ojú mítà. Ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ òjò.

Ìpele 9: Kóòdù tuntun fún ọkọ̀ tó ti jáde

Ẹ máa bọ̀ wá tún kóòdù ṣe, kò sí bí ẹ ṣe lè yẹra fún un. Ẹ gbé e wọ ọkọ̀ kan tó jẹ́ tiyín, ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e wọ mẹ́ta, kí ẹ tó wá kan ìyókù. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró, bátìrì gbọ́dọ̀ kún ju ìdajì lọ, awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ẹ bá ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é, kí ọkọ̀ kọ kóòdù tí kò ní ìbuwọ́lùwé yín. Ní 2015, wọ́n pe mílíọ̀nù 1.4 ọkọ̀ padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé àwọn olùwádìí fi hàn pé àwọn lè wọ inú Jeep kan láti ọ̀nà jíjìn. Òfin UN R156, òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí títún kóòdù ọkọ̀ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé iṣẹ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ń lò ó kí wọ́n ní ètò tó ń ṣàkọsílẹ̀ kóòdù tó wà nínú ọkọ̀ wọn. Ìwé ìbí yín ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ẹ máa kọ gbogbo àtúnṣe sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀:* Nígbà tí awakọ̀ bá pè yín láti Ìta-Ògbólú pé kẹ̀kẹ́ òun kọ̀, ẹ ní kó ka nọ́ńbà ojú mítà fún yín. Ẹ ṣí ìwé ìbí ọkọ̀ yẹn. Bí méjèèjì bá bára mu, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọn ò bá bára mu, ẹ ní kó gbé e síbi tó wà, kí ẹ lọ gbé e.